Iná Ara Ògiri Àwẹ̀ró

Láràárọ̀, kí ọmọ ogun tó wọ̀jà, yóò yan ẹnìkan tí yóò kì í láti ilé, iná á sì tàn lára ògiri ẹni náà. Láti òkun yìnyín dé aṣálẹ̀, títí dé orí òṣùpá, ìbọn á dákẹ́ fún oríkì.

Àwẹ̀ró ni Àlàmú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun náà, ń yàn ṣáá, bẹ́ẹ̀ Àyìnkẹ́, orogún Àwẹ̀ró, ló bí bàbá Àlàmú.

“Ìdí ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ya lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀?” Àyìnkẹ́ bèèrè láàárọ̀ yìí.

“Ohùn rẹ dà bí ti ewúrẹ́ tó há sí ọgbà,” Àwẹ̀ró fèsì. “Ọmọ fẹ́ jí ni, kò fẹ́ sá.”

Àyìnkẹ́ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n owú mú kó ṣépè fún ògiri orogún rẹ̀: kí iná ibẹ̀ má tàn mọ́.

Oòrùn gòkè. Iná kò tàn lára ògiri kankan.

Àyìnkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú ògiri Àwẹ̀ró.

“Àlàmú, ọkọ mi,” ó ní, “jọ̀ọ́, yan Àwẹ̀ró.”