Ohùn Tó Ń Yẹ Àgbàdo Wò

Àgbẹ̀ náà bu àgbàdo láti inú àpò sínú àwo funfun, ọmọbìnrin tó ń yẹ ọjà wò ní Sábó sì na fóònù sí i. Fóònù ya àwòrán rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin:

"Kò dára. Ó ti bu."

Àgbẹ̀ náà tẹ etí sí fóònù náà.

"Kò bu," ó wí. "Eérú ni. Eérú la fi ń lé kòkòrò ní Ìrẹsà."

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ṣùgbọ́n ohun tí fóònù bá sọ ni ọ̀gá wa máa gbà. Ẹ má bínú."

"Fídáù Mùílì, ọmọ mi, ni mo fẹ́ fi owó àgbàdo yìí ṣe lọ́la."

"Ọlọ́hun á fi àlùjáńnà kẹ́ wọn."

"Àmín. Ohùn ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Bọ̀dá tó ṣe ètò inú fóònù yìí fún wa ni. Ohùn ara wọn ni wọ́n gbà sínú ẹ̀. Mi ò mọ̀ wọ́n."

"Bí Mùílì ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ nìyẹn."

Ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti inú àpò kan náà.

"Bàbá, nǹkan kan náà ló máa sọ."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kó sọ ọ́."