Omi Tó Mọ́ Jù

Òjò kẹta ọdún dá lówùúrọ̀, gbogbo àwọn tó ń fín ilẹ̀ lóògùn sì gbé ife wọn wá sẹ́nu gọ́tà. Òfin ni: ẹni tó bá fín oògùn sílẹ̀ ìkọ́lé, kí ẹrẹ̀ má baà ṣàn lọ sódò, òun ni yóò kọ́kọ́ mu omi tó bá ti ibẹ̀ jáde, kó lè hàn pé kò fi àpọ̀jù oògùn sọ ọ́ di májèlé.

Àdùbí ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí Tinúadé tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Síbẹ̀, ọdún méjì rèé tó jẹ́ Tinúadé ni àwọn bíríkìlà ń kì lẹ́yìn òjò: "Amúlẹ̀dúró ọmọ Àṣàkẹ́, olómi bí ojú ẹyẹlé." Oríkì náà ń ta Àdùbí lára bí ata ojú egbò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lánàá, níbi tí òfin ti ní kí wọ́n da agolo oògùn kan, mẹ́rin ló dà. Ó ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ó bu omi tirẹ̀. Ó mọ́ gaara bíi pé ife ṣófo.

"Àgbà ò tán nílẹ̀," ni àwọn bíríkìlà ń wí.

Tinúadé bu tirẹ̀, ó rí bí omidùn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti nà mí lónìí. Ẹ ó kọ́ mi o." Ó ní kí Olódùmarè jẹ́ kó bá òun lára mu, ó sì gbé e mu tán.

Gbogbo ojú yí sí Àdùbí. Oríkì ti wà lẹ́nu wọn, ó ku kó gbé omi mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Tinúadé wí, "ṣé kì í ṣe tiyín ni?"

Àdùbí da omi náà sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ilẹ̀ pàápàá kò mu ún.