A Kú Àìsùn

Látìgbà tí ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé ni oorun ti kọ Fadérera sílẹ̀. Òun nìkan ló wà nílé, fóònù ló sì ń tẹ̀ mọ́jú. Lóru ọjọ́ kan, ẹnì kan tí kò mọ̀ rí kọ̀wé sí i: “A kú àìsùn o.”

A kì í dáhùn ẹni tá ò rí lóru, ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀. Ṣùgbọ́n orí fóònù lèyí, ó sì ti pẹ́ tẹ́nì kan ti kí i.

Ó dáhùn: “Ẹ ṣé o. Ṣé ẹ̀yin náà ò rí oorun sùn?”

“Báwo ni n ó ṣe sùn? Pa iná fóònù yẹn, ọmọ mi. Ó ń tàn sí mi lójú.”

Ó pa á. Nínú òkùnkùn, ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.