Tìmùtìmù Abẹ́rẹ́

“Màmi, ẹ sinmi ná.”

Aránṣọ náà kọ etí ikún sí ọmọ rẹ̀. Ó ku òdòdó pupa kan tó fẹ́ rán sára tìmùtìmù abẹ́rẹ́, kó lè bá àpò sísọ́ọ̀sì àti àpò tépù mu. Ọ̀la lọmọ náà máa ṣe fírídọ̀mù iṣẹ́ ìránṣọ l'Órégùn.

“Oṣù mẹ́ta ló ti ń rẹ̀ yín. Kí ni dókítà wí?”

“Wọ́n ní oògùn tí wọ́n ń fún mi le, ṣùgbọ́n àìsàn náà yóò lọ.” Ó fi eyín já òwú, ó gbé tìmùtìmù náà fún un.

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ wò. “Kí lẹ kì sínú ẹ̀?”

“Irun. Kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dógùn-ún.”

“Níbo lẹ ti rí irun tó pọ̀ tó báyìí?”

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó rọra tú gèlè orí rẹ̀. Kò sí irun ẹyọ kan níbẹ̀.