Ọ̀bẹ Inú Báàgì Kúnbi

Olùkọ́ àwọn ọ̀dọ́ fa ọ̀bẹ ìgéran jáde nínú báàgì Kúnbi. Láti ìgbà tí wọ́n ti gún ọmọ ilé-ìwé kan lọ́bẹ ní Lugbe ló ti ń yẹ báàgì wọn wò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹgbẹ́ òkùnkùn wo lo wọ̀?"

"Mi ò wọ ẹgbẹ́ kankan, Àǹtí. Mi ò kàn fẹ́ kí ọ̀bẹ yẹn wà nílé ni."

Irọ́ ọmọ ìsinsìnyí ò lópin. Olùkọ́ fa fóònù yọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe Dádì."

Ó ti pè é.

Bàbá Kúnbi, díákónì ìjọ wọn, dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, gèlè rẹ̀ bo iwájú orí títí dé ìpéǹpéjú.

"Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ẹ gbé e fún mi, a ó yanjú ẹ̀ nílé."

Olùkọ́ kúnlẹ̀ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀bẹ náà fún un. Láti ìsàlẹ̀ tó kúnlẹ̀ sí ló ti rí abẹ́ gèlè náà: ojú òsì ìyá Kúnbi ti wú dí.

Díákónì sì ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.