Àna Tó Wà Nísàlẹ̀ Àwòrán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì ló máa ní àwòrán lásán ni.

1. Ọmọ Ìlọ́bù ni Dúrósinmí. Lọ́dún 1996, ó fiṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ torí ilé-iṣẹ́ gàrí tó fẹ́ dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò nílẹ̀. Àlàájì Yésúfù, bàbá Màríámọ̀ ìyàwó rẹ̀, ló fún un nílẹ̀ ní Ìfọ́n, tó bá Ìlọ́bù pààlà. Ẹ̀yin náà mọ bọ́rọ̀ ilẹ̀ ṣe le tó láàárín ìlú méjèèjì. Ẹbí Àlàájì bínú pé ó fún ọmọ Ìlọ́bù nílẹ̀, àmọ́ Bàbá ní, "Ọmọ mi ni. Ẹ fi í sílẹ̀."

2. Àwọn olówó kan láti Òṣogbo fẹ́ bá a dòwò pọ̀, wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ètò rẹ̀. Dúrósinmí ra káàdìbọ́ọ̀dù, ó ya àwòrán onígun mẹ́ta kan tó kọ́ n'Íbàdàn, tórí rẹ̀ ṣóńṣó, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀. Ọ̀gá ló máa ń wà lókè, àwọn yòókù á máa tẹ̀ lé e wálẹ̀. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ sókè téńté.

Màríámọ̀ wò ó. "Bàbá mi ńkọ́?"

"Àwọn nìyẹn nísàlẹ̀. Àwọn ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró."

"Abẹ́ ọlọ́dẹ lẹ fi bàbá mi sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ."

"Kí lo mọ̀ nípa òwò? Bí wọ́n ṣe ń yà á nìyẹn."

Ẹ wá wo ìgbéraga! Ọkùnrin tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá yìí!

3. Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ ara ògiri. Bàbá ò mọ̀wé, ó ní kí Dinah, olùkọ́ tó jókòó tì í, ka orúkọ fóun. Dinah bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó ka Dúrósinmí, ó ka akọ̀wé, ó ka awakọ̀, ó ka ọlọ́dẹ. Ló bá yíjú wo Bàbá.

"Ṣó tán?"

"Ó ku ẹyọ kan, Bàbá. Ẹ̀yin ni."

Bàbá ò jà. Ó káṣọ rẹ̀ jọ, ó dìde, ẹbí rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Nígbà táwọn olówó gbọ́ pé onílẹ̀ ló ń lọ yẹn, àwọn náà wọ mọ́tò wọn.

4. Dúrósinmí sáré lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bàbá.

"Ẹ dìde, ọ̀gá," ni Bàbá wí. "Ará òkè kì í dọ̀bálẹ̀ fún ará ìsàlẹ̀."

Ó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Kò sì pẹ́ tí Bàbá fi kú, òun àti Dúrósinmí ò tíì parí ìjà. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ń pe àwọn àna lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá gbàdúrà. Dúrósinmí tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó ń retí. Wọ́n pe Jàlálù, ọkọ àbúrò Màríámọ̀, gbogbo èèyàn ṣe àmín. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ṣàdúrà ìparí. Màríámọ̀ ò lè wojú ọkọ rẹ̀.

Ó dùn mí o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó kàwé, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́ ọgbọ́n òwò, àmọ́ ẹ má fi gun àgbà lórí. Ẹni tó bá fún yín níbi tẹ́ ẹ dúró sí, ẹ má kọ ọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Àìfàgbà fẹ́nìkan ni ò jẹ́ káyé ó gún.