Béèlì Tí Velan Ń Wá

Láti ìjẹta ni Velan ti ń lọ sọ́dọ̀ lọ́yà obìnrin kan tó ń jẹ́ Amudha ní ìlú, nítorí béèlì tí wọ́n ń gbà kí ọlọ́pàá tó wá múni. Ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má wa yanrìn odò Palar mọ́, ọlọ́pàá sì ti ń wá tipa tí Velan fi ń kó o.

Poongodi, ìyàwó rẹ̀, ń fún Kayal ọmọ wọn lọ́mú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń ya irun.

"Bàbá Kayal, aṣọ funfun lẹ tún wọ̀?"

"Kóòtù ni mò ń lọ, kì í ṣe odò."

"Ṣé lọ́yà ọkùnrin ti tán ní ìlú ni?"

Velan fọwọ́ kan orí ọmọ. "Mo fẹ́ kí o lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ fúngbà díẹ̀. Lónìí yìí."

"Ẹ fẹ́ kí n kó jáde?"

"Kí o lọ sinmi ni. Má ro ohunkóhun, kí omi ọmú má baà gbẹ."

Bí Velan ṣe lọ báyìí, Rasathi aládùúgbò yọrí lókè ògiri. "Mo rí wọn níwájú kóòtù lánàá, wọ́n jọ ń mu tíì. Obìnrin yẹn fi òdòdó sírun bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ìyá Kayal, ṣé béèlì lọkọ ẹ ń wá ni, àbí ìyàwó?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Poongodi ò rẹ́rìn-ín. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n ra tipa. Òun ni Velan mú lọ sí ìlú nígbà náà. Ó tẹ̀ka síbi tí wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́, ọkọ rẹ̀ ra òdòdó fún un, wọ́n jọ jẹ dósà ní búkà. Látìgbà tó ti bímọ, kò mú un lọ síbì kankan mọ́.

Ó gbé ọmọ sí ìbàdí, ó forí lé àgọ́ ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá ti Velan mọ́lé, òun ni yóò máa gbé ìrẹsì lọ fún un. Kò sí lọ́yà tí yóò bá òun pín in níbẹ̀.

"Tipa tí ẹ ń wá wà nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ńpìlì," ó wí fún ọ̀gá ọlọ́pàá. "Ẹ tètè ṣe é, kí adájọ́ tó fọwọ́ sí béèlì."

"Ó di ọ̀la kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ ṣeun. Kí lorúkọ yín?"

"Poongodi. Ìyá Kayal."

Ọ̀gá náà wo ọmọ náà títí, ó wá ké sí ọlọ́pàá obìnrin kan pé kó súnmọ́ tòsí.

"Ìyá Kayal," ó wí jẹ́ẹ́, "orúkọ yín ni wọ́n fi ra tipa yẹn, ẹ̀yin ni wọ́n ní kí a mú, ẹ̀yin náà sì ni ọkọ yín ń sáré gba béèlì fún láti ìjẹta."